Irú Ìyípadà Ló Ń Sọ Irú Àtúnṣe: Kẹ́mísírì Ojoojúmọ́ ní Lekki àti Ajah

Bí ènìyàn bá fa omi bóòhóòlù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ajah, láti Badore títí dé Langbasa, omi náà sábà máa ń mọ́ gaara bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ pọn ọ́n sínú garawa funfun, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Ẹ ó rí i pé ó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa á ti rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa. Ẹnikẹ́ni kò da nǹkan kan sí i. Onílé á bínú sí ẹni tó gbẹ́ kànga, ẹni tó gbẹ́ kànga á ní táǹkì ló dọ̀tí. Wọ́n á fọ táǹkì, omi á tún pọ́n.

Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ilé tirẹ̀ súnmọ́ etí òkun, omi mọ́ láàárọ̀, ó mọ́ lálẹ́, síbẹ̀ kò ṣeé mu nítorí iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan níyọ̀. Lójú ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀, ìyà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe omi àkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe ìkejì. Nínú garawa tó pọ́n, ohun kan tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ ti wà níbẹ̀ lálẹ́. Nínú omi oníyọ̀, iyọ̀ ṣì ni iyọ̀, omi ṣì ni omi, àwọn méjèèjì kàn dàpọ̀ mọ́ra ni.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní kíláàsì. Wọ́n ń pe irú ìkejì ní ìyípadà ìrísí, wọ́n ń pe irú àkọ́kọ́ ní ìyípadà kẹ́míkà. Ọmọ ilé-ìwé á há a sórí fún ìdánwò WAEC, ìdánwò á parí, ọ̀rọ̀ náà á sì di ohun ìgbàgbé. Àdánù ni. Ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ tí ọ̀sà wà lápá kan, tí òkun wà lápá kejì, tí ìkọ́lé kò dáwọ́ dúró níbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lálẹ́, kò sí ọjọ́ tí kò ní ṣe ìpinnu tó dúró lórí ìyàtọ̀ yẹn. Irú ìyípadà tó bá nǹkan ló ń sọ irú àtúnṣe tí ó lè ràn án, òun náà ló sì ń sọ ìgbà tí àtúnṣe kò sí mọ́.

Kí ló yí padà gan-an?

Gbogbo ohun tó wà láyé, átọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn átọ̀mù wọ̀nyí máa ń so mọ́ ara wọn, ìdìpọ̀ wọn ni à ń pè ní mólékù. Mólékù omi kan jẹ́ átọ̀mù háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan. Bí omi bá dì nínú fíríìsà ní 0°C, bó bá ń ṣàn nínú ẹ̀rọ, bó bá di ooru lórí iná ní 100°C, háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan yẹn kò tú ká. Ohun tó yí padà kò ju bí mólékù kan ṣe jìnnà sí èkejì lọ àti bó ṣe ń sáré tó. Ìyípadà ìrísí nìyẹn.

Nínú ìyípadà kẹ́míkà, àwọn átọ̀mù tú kúrò lára ẹni tí wọ́n so mọ́, wọ́n lọ so mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo ìdílé kan tó kó kúrò ní yàrá kan ní Ìkọ̀tà lọ sí ilé gogoro ní VGC: ààyè wọn fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n baba, ìyá àti ọmọ kan náà ni. Bí tọkọtaya náà bá kọ ara wọn sílẹ̀, tí kálukú fẹ́ ẹlòmíràn, ìdílé tuntun ti dé, bí wọn kò tilẹ̀ kúrò ní yàrá yẹn rí.

Átọ̀mù kankan kì í sọnù nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Antoine Lavoisier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi òṣùwọ̀n tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1789: bí a bá dé orí ìgò pa, tí a jẹ́ kí nǹkan jó nínú rẹ̀, ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà kì í dín, kì í sì í lé. Ìdí nìyí tí ìṣó tó dípẹtà fi máa ń wúwo ju ìgbà tó wà ní tuntun lọ, bí ìpẹtà ara rẹ̀ kò bá tíì já bọ́. Ó ti gba ọ́síjìn kún ara láti inú afẹ́fẹ́.

Àwọn àmì tó lè tanni jẹ

Níwọ̀n bí ojú kò ti lè rí átọ̀mù, àmì là ń wò. Ìwé ilé-ìwé máa ń ka àmì márùn-ún sílẹ̀: àwọ̀ yí padà, ìfóófòó yọ, ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wáyé, nǹkan náà kò sì ṣeé dá padà mọ́. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó ẹ̀rí bó bá dá wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí àwọn ènìyàn fọkàn tán jù, pé ohun tó ṣeé dá padà jẹ́ ìyípadà ìrísí, ohun tí kò ṣeé dá padà jẹ́ ti kẹ́míkà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó lè lẹ èèpo ẹyin padà lóòótọ́, síbẹ̀ ẹyin tó fọ́ kò tíì di nǹkan mìíràn. Funfun rẹ̀ ṣì wà, pupa rẹ̀ ṣì wà, alásè tó bá yára ṣì lè gbọ̀n ọ́n sínú abọ́. Ìgbà tó bá dénú epo gbígbóná ni ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn purotéènì tó ká jọ nínú rẹ̀ á tú, wọ́n á sì so mọ́ ara wọn lọ́nà mìíràn, ohun tó ń ṣàn á wá di ohun tó le. Fífọ́ ẹyin kò ṣeé dá padà, síbẹ̀ ìyípadà ìrísí ni.

Ìdàkejì rẹ̀ wà lára aṣọ. Ẹni tó bá wọ Nike Art Gallery, ilé iṣẹ́ ọnà tí Olóyè Nike Okundaye dá sílẹ̀ ní Lekki, á rí àdìrẹ níbẹ̀. Aró búlúù tí a ń rí lára èlú kì í tú sínú omi rárá. Bí a bá kàn bù ú sómi lásán, kò ní wọ inú òwú. Ohun tí àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni pé wọ́n á rẹ èlú sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò rí á yí mólékù búlúù náà padà sí irú mìíràn tí omi eérú lè tú, tí kì í ṣe búlúù mọ́. Irú ìkejì yìí ló ń wọnú aṣọ. Bí aláró bá yọ aṣọ, àwọ̀ ewé tó mọ́ra ló máa kọ́kọ́ rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, ọ́síjìn á dá mólékù náà padà sí búlúù, nínú fọ́nrán òwú tí kò ti lè jáde mọ́. Ó lọ, ó sì bọ̀, kẹ́míkà sì ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Bátìrì inverter tó wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìyípadà kẹ́míkà ló ń fún wa níná bí NEPA bá mú un lọ, iná tí NEPA bá mú wá ló sì ń dá ìyípadà náà padà.

Àwọn àmì yòókù náà ní ibi tí wọ́n ti ń jáni kulẹ̀. Ọ̀sà Èkó máa ń yí àwọ̀ padà nígbà òjò nítorí ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá. Ẹrẹ̀ ni, omi ni, kò sí ohun tuntun. Omi tó ń hó ń yọ ìfóófòó, bẹ́ẹ̀ ni mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n ooru omi ló wà nínú ti àkọ́kọ́, gáàsì tí wọ́n fi agbára tì sínú ìgò ló ń sá jáde nínú ìkejì. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà nínú ń tàn, ó ń gbóná janjan, wáyà rẹ̀ kò sì jó. Bí ẹ bá da ajílẹ̀ yúríà sínú garawa omi, ara garawa á tutù bíi pé ẹ fi yìnyín sí i, bẹ́ẹ̀ yúríà kàn ń tú sínú omi ni. Bí omi bá gbẹ, ẹ ó bá yúríà yín níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn gbogbo àmì wọ̀nyí: ṣé àwọn ohun tó wà níbẹ̀ ṣáájú ṣì wà níbẹ̀, àbí ohun mìíràn ti gba ipò wọn? Ojú àlà náà kì í fìgbà gbogbo mọ́ kedere. Iyọ̀ tó tú sínú omi, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn máa ń jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ohun tó so iyọ̀ pọ̀ tú nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á padà wá bó ṣe wà, ìdí nìyí tí ìwé fi kà á mọ́ ìyípadà ìrísí.

Omi tó pọ́n, omi tó níyọ̀

Omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ajah kò rí afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Irin tó wà nínú iyanrìn ti tú sínú rẹ̀, irin tó tú bẹ́ẹ̀ kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fà á jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so mọ́ irin náà, ohun tí wọ́n dì kò sì lè tú sínú omi mọ́: ìpẹtà ni, ó rí wínníwínní, ó sì pọ́n. Ìyípadà kẹ́míkà gidi ni, inú táǹkì wa ló sì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí owó ọ̀pọ̀ onílé fi ń ṣòfò. Wọ́n á ra asẹ́ omi, wọ́n á fi í sẹ́nu kànga níbi tí afẹ́fẹ́ kò tíì dé. Asẹ́ kò lè mú irin tó ṣì tú sínú omi; á gba ibẹ̀ kọjá, á wá di ìpẹtà lẹ́yìn asẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ omi á jẹ́ kí ìyípadà kẹ́míkà náà kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ tán: á gbé omi sókè, á jẹ́ kó máa já wálẹ̀ bí òjò kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́ dáadáa, á fún un ní àkókò kó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tó jẹ́ kó gba inú iyanrìn tàbí asẹ́. Ìwọ̀n tí ìlànà omi mímu orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí fún irin kò ju mílígírámù 0.3 lọ nínú lítà kan, èyí tó kéré débi pé àṣìṣe díẹ̀ nínú ètò yẹn á hàn lára aṣọ funfun.

Aṣọ funfun náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí omi bá ti fi àbàwọ́n pupa sára ṣẹ́ẹ̀tì, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á da bílíìṣì sí i. Bílíìṣì á mú kí irin tó kù nínú omi tètè di ìpẹtà lára òwú, àbàwọ́n á sì le sí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló lè ràn án, nítorí pé kíkan inú rẹ̀ máa ń so mọ́ irin, á sì fà á jáde padà sínú omi. Kẹ́míkà ló mú àbàwọ́n wá, kẹ́míkà ló sì ń mú un lọ, bó bá ṣáà jẹ́ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ọsàn àti bílíìṣì pọ̀ láé: gáàsì olóró tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló ń jáde nínú wọn.

Omi oníyọ̀ kò fẹ́ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gírámù iyọ̀ 35 nínú. Níbi tí a bá ti ń fa omi kànga ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi òkun á rọra wọ́ wá sábẹ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní ṣe iyọ̀ ní nǹkan kan. Asẹ́ lásán kò lè mú un. Bí ẹ bá sè é, ooru á lọ, iyọ̀ á kù, omi ìkòkò á tún níyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìdàpọ̀ lásán ni, ìyàsọ́tọ̀ ni oògùn rẹ̀: yálà kí a gba ooru omi, kí a mú un tutù padà di omi, tàbí kí a fi agbára ẹ̀rọ ti omi gba inú awọ tí ihò rẹ̀ há débi pé mólékù omi lè kọjá, tí iyọ̀ kò sì lè tẹ̀ lé e. Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù náà, irú iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe: ooru omi inú afẹ́fẹ́ Èkó ló bá irin tútù pàdé, tó padà di omi.

Sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ

Ní Sangotedo àti Awoyaya, níbi tí ilé tuntun ti ń hù lójoojúmọ́, gbólóhùn kan wà tí gbogbo ènìyàn ń sọ: ẹ jẹ́ kí kankéré gbẹ. Bí sìmẹ́ǹtì bá jẹ́ ohun tó ń gbẹ ni, òpó afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, ì bá má lè dúró nínú ọ̀sà. Sìmẹ́ǹtì ń le lábẹ́ omi, nítorí omi kì í kúrò nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń wọ̀.

Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ti ń wà ní Ewékorò láti 1960, ni wọ́n máa ń lọ̀ pẹ̀lú amọ̀, tí wọ́n á sì sun nínú iná tó tó 1,450°C. Iná yẹn ń tú òkúta náà, ó sì ń dá ohun tuntun tí òùngbẹ omi ń gbẹ. Nígbà tí bíríkìlà bá bu omi sí i, omi àti sìmẹ́ǹtì á so mọ́ra, wọ́n á hù bí abẹ́rẹ́ kéékèèké tó há mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì di iyanrìn àti òkúta mú. Ooru máa ń jáde. Ẹ fọwọ́ kan kankéré tí wọ́n dà láàárọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ yìí kì í parí lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń wọn agbára kankéré.

Nítorí náà, bí oòrùn bá fa omi jáde kí iṣẹ́ tó parí, ìyípadà ìrísí ti dá ìyípadà kẹ́míkà dúró. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sá sí gbangba láìbomi rin ín á funfun, á dà bíi pé ó ti dé ojú ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ á fọ́ sí wínníwínní lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa ń bomi rin kankéré fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ó máa ń fi àpò ọ̀rinrin bò ó. Ọ̀dà ara ògiri náà rí báyìí: ọ̀dà olómi ń gbẹ lóòótọ́, omi rẹ̀ ń fò lọ, ọ̀dà elépo ní tirẹ̀ ń gba ọ́síjìn wọlé kó tó le, ìdí nìyí tí awọ fi máa ń dì lójú rẹ̀ bí ẹ bá ṣí agolo rẹ̀ sílẹ̀.

Ewu mìíràn fara pamọ́ sínú iyanrìn. Iyanrìn tó ní iyọ̀ òkun nínú, tí wọn kò fi omi tó dára fọ̀, á gbé iyọ̀ náà dé ara irin inú kankéré. Iyọ̀ á ba ààbò tí sìmẹ́ǹtì fi bo irin jẹ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ààyè tí ìpẹtà ń gbà sì ju ìlọ́po méjì ti irin tó ti jáde wá lọ. Ó ń wú, ó ń ti kankéré, òrùlé á sán. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì tuntun dí ojú ibi tó sán, ìrísí ló tún ṣe. Ìpẹtà ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́. Àfi kí wọ́n hú kankéré tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n ha irin náà títí tí á fi dán, kí wọ́n fi ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà kùn ún kí wọ́n tó dí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni géètì àti páànù tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí. Aluminíọ̀mù ní tirẹ̀ máa ń so mọ́ ọ́síjìn kíá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, á sì dáàbò bò ó.

Gáàsì ìdáná àti èéfín jẹnẹrétọ̀

Inú sílíńdà gáàsì, olómi ni gáàsì: wọ́n tẹ̀ ẹ́ débi pé ó di ohun tó ń ṣàn bí omi. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń hó ní nǹkan bíi 0°C, èkejì ní nǹkan bíi 42°C sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá ṣí i, á máa hó nínú sílíńdà, á máa fa ooru lára irin, sílíńdà á tutù, ìrì á sì sẹ̀ sí i lára. Ìyípadà ìrísí ni gbogbo èyí. Lẹ́nu sítóòfù ni ti kẹ́míkà ti bẹ̀rẹ̀: gáàsì àti ọ́síjìn á jó, wọ́n á di ooru omi àti kábọ̀n dáyọ́ksáìdì. Bí iná bá jẹ́ búlúù, afẹ́fẹ́ tó. Bó bá pọ́n tó ń fi èédú sí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ kò tó.

Ibí ni mímọ ìyàtọ̀ ti lè gba ẹ̀mí là. Gáàsì tó jò kò tíì di nǹkan mìíràn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, wọ́n sì ti fi òórùn sí i kí a lè mọ̀. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tan iná, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná. Bó bá ti fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ ti tán. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wà ní kọ́rídọ̀ tàbí nítòsí fèrèsé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo kò bá jó tán, kábọ̀n mónóksáìdì ń jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń so mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ó sì ń dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò ní tú ìsopọ̀ yẹn. Ẹ gbé ẹni náà jáde síta kíá, ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti lè fún un ní ọ́síjìn.

Níbi tí méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Nínú iṣẹ́ gidi, àwọn ìyípadà méjèèjì kì í sábà dá wà. Ẹ wo gàrí. Rírin ẹ̀gẹ́ jẹ́ ìyípadà ìrísí, ṣùgbọ́n òun ló ń fọ́ àwọn yàrá inú ẹ̀gẹ́, tí èròjà tó ń pa májèlé rẹ̀ mọ́ àti èyí tó lè tú u fi pàdé: kẹ́míkà nìyẹn. Ó wà nínú àpò, ó ń kan: kẹ́míkà ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde: ìrísí ni. Wọ́n dín in, májèlé tó ti di gáàsì bá ooru lọ: ìrísí ni. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ kan, kò lè fi ìmíràn dí i. Dídín kò lè mú májèlé tí kò tíì tú jáde.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lekki ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga. Ilé-ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ni wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ mú epo rọ̀bì gbóná dé nǹkan bíi 350°C, wọ́n á wá tì í sínú ilé ìṣọ́ irin gíga kan. Ohun tó tètè ń hó á gòkè, èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀: gáàsì, bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, dísù, ọ̀dà títì, kálukú ní ipele tirẹ̀. Mólékù kankan kò yí padà. Ẹ da gbogbo wọn pọ̀, ẹ tún ti rí epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo máa ń pọ̀ ju ohun tí ọjà ń fẹ́ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ mìíràn tí ń ṣẹ́ mólékù gígùn sí kúkúrú, kó lè di bẹntiróòlù. Ibẹ̀ ni kẹ́míkà ti wọ̀ ọ́. Epo dísù àti ti ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, bẹntiróòlù tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe yúríà mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ àti háídírójìn tí wọ́n fà nínú gáàsì abẹ́ ilẹ̀ á di àmóníà, àmóníà àti kábọ̀n dáyọ́ksáìdì á di yúríà: kẹ́míkà lórí kẹ́míkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú yúríà tó yọ́ tutù títí tí á fi di hóró funfun tí wọ́n ń dì sápò.

Àgbẹ̀ kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìbẹ̀jú lè fi àpò yúríà àti àpò sìmẹ́ǹtì sínú yàrá kan náà nígbà òjò. Ọ̀rinrin á wọ méjèèjì, wọ́n á dì gbagidi bí òkúta. Yúríà gba omi díẹ̀, ó tú díẹ̀, ó tún dì padà. Yúríà ṣì ni. Ẹ gún un, ẹ fọ́n ọn sóko, àgbàdo á jẹ ẹ́. Ní ti sìmẹ́ǹtì, omi inú afẹ́fẹ́ ti lo agbára rẹ̀ tán. Ẹ lè gún òun náà, ẹ lè jọ̀ ọ́ kó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì jọ tuntun lójú ẹni tó ń tà á. Òkúta lílọ̀ ni ẹ ní. Ẹ má fi mọ ilé.